Ìpàdé Tí A Kùn Sí Láti Kaduna

Kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún màámi kí ọ̀rọ̀ náà má já sí ibì kan náà. "Ṣé kọ̀ńpútà lo ń tún ṣe ni?" Rárá o, màámi, n kì í tún kọ̀ńpútà ṣe. "Ṣé káàdì fóònù lẹ ń tà?" A kì í ta káàdì. "Kí wá lẹ ń ṣe látàárọ̀ tí ojú rẹ fi pọ́n báyìí?" Ojú mi pọ́n torí pé ọ̀nà ni mò ń ṣọ́, màámi, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde nínú ẹ̀rọ kan bọ́ sínú òmíràn. Á wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe, á bu ìrẹsì lé mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin náà, torí ẹ̀yin ò ní ìrẹsì tí ẹ máa fi dí mi lẹ́nu.

Tọkọtaya dókítà kan wà ní Kaduna tí wọ́n ní ilé ìwòsàn mẹ́ta. Ọ̀kan wà ní Ungwan Rimi lábẹ́ àwọn igi ńláńlá yẹn, ọ̀kan ní Rigasa, ọ̀kan ní Trikania níbi tí èmi àti màámi ń gbé. Lẹ́yìn wàhálà ẹ̀sìn tó pín ìlú sí méjì, ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ sọdá odò tó wà láàárín mọ́ bí kò bá di dandan. Nọ́ọ̀sì Trikania ní òun ò lọ Rigasa, ti Rigasa ní òun ò wá Trikania. Àìsàn nìkan ló ń rìn bó ṣe wù ú. Nígbà tí èèyàn ò sì sọdá mọ́, fáìlì àwọn aláìsàn ló gbọ́dọ̀ máa sọdá, ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló sì ń bá wọn gbé e.

Bí a ṣe ń gbé e ni mi ò rí ṣàlàyé fún màámi. Wáyà kan náà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń bá ọ̀rẹ́kùnrin sọ̀rọ̀ ní káfẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì wa ni fáìlì aláìsàn ń gbà kọjá, síbẹ̀ wọn ò rí ara wọn. VPN là ń pè é. Títì gbogbo ayé ni, ṣùgbọ́n oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ lórí ẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tó kọ́ kọ̀ńpútà ní ìlú wa ló ń fún àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ní nọ́ńbà kan náà, èyí tí olùkọ́ wọn kọ sójú pátákó. Ilé ìwòsàn ń lo nọ́ńbà yẹn, ilé ìtajà táyà ń lò ó, iléèwé ń lò ó. Rúútà wa, ẹ̀rọ tó ń darí ọ̀rọ̀ sí ọ̀nà tó yẹ, ló máa ń fi àmì oníbàárà síwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kí fáìlì aláboyún má lọ jáde ní ṣọ́ọ̀bù táyà.

Ọ̀gá mi nígbà náà, Alàájì ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀, Kaduna ni wọ́n bí òun sí, táyà ló sì ń tà kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó gbà á lọ́kàn. Ó ra rúútà tòkunbọ̀ kan, ó háyà òkè ilé alájà kan, ó fi ìsàlẹ̀ ṣe káfẹ́, ó gbà mí síṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ náà ń lọ. Rúútà tòkunbọ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́ ju ẹlòmíì tí wọ́n ń sanwó oṣù fún lọ.

Gbogbo ẹ̀ ń lọ geere títí àwọn dókítà fi la ẹ̀ka kẹrin sí Abuja. Nẹ́tíwọ̀kì wa ò dé Abuja. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó wá láti Èkó ló wà níbẹ̀, nítorí náà, a gbọ́dọ̀ so tiwa mọ́ tiwọn. Mo ní kò sí wàhálà, ọ̀nà kan wà tó rọrùn: ẹ mú rúútà yín wá, ẹ fi kojú tiwa, kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní géètì tirẹ̀ láàárín wọn, ó parí. Ẹnjiníà wọn rẹ́rìn-ín sí mi lórí fóònù. Ó ní ayé ti kúrò níbẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ṣe ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé ń kọ ìwé kan lọ́wọ́ lórí bí VPN ilé-iṣẹ́ kan ṣe máa bá ti èkejì pàdé, àwọn kan sì fẹ́ kí wọ́n yọ ọ̀nà tó rọrùn yẹn kúrò pátápátá. Ohun tó máa ṣẹ́kù ni kí rúútà ilé-iṣẹ́ méjèèjì máa ka ọ̀nà gbogbo oníbàárà fún ara wọn tàmìtàmì, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ohun tó bá wà nínú ìwé yẹn nìkan ni àwọn máa ṣe. Bẹ́ẹ̀ tòkunbọ̀ wa ò gbọ́ èdè yẹn rárá.

Ẹ wá wo ohun tó wà nílẹ̀. Bí a ò bá lè so mọ́ Abuja, àwọn dókítà máa kó ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ bá ilé-iṣẹ́ ńlá, owó àwọn dókítà yìí ló sì ń bọ́ wa. Alàájì sọ ọ́ fún mi láìfi bò pé bí wọ́n bá lọ, òun máa ti òkè pa, òun á fi káfẹ́ nìkan sílẹ̀. Káfẹ́ ò nílò irú mi. Kò sì sí irú iṣẹ́ mi níbòmíì ní Kaduna nígbà yẹn. Èkó ló kù. Ẹ̀gbọ́n màámi tó wà ní Èkó ti ní òun máa fi yàrá kan sílẹ̀ fún mi.

Mi ò fẹ́ lọ Èkó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mi ò fẹ́ lọ rárá. Kaduna ni wọ́n bí mi sí. Bí mo bá la ẹnu ní Èkó, wọ́n á ní, "Ìwọ, ṣé Gàm̀bàrí ni ẹ́ ni?" torí pé mo pariwo "haba" láàárín ọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti ìgbà tí bàámi ti kú, èmi àti màámi nìkan la kù nínú ilé yẹn, màámi ò sì ní fi Kaduna sílẹ̀ láéláé. Mo bi í pé kí ni ká ṣe. Ó ní, "Lọ. Ṣé èmi ni wàá máa wò títí ayé ni? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń bímọ ní Èkó." Ó sọ ọ́ lásọtúnsọ fún oṣù mélòó kan, á sọ ọ́, á kọjú síbòmíì.

Ẹnjiníà Èkó yẹn ò mọ̀ pé èmi náà lè bá àwọn tó ń ṣe ìlànà yìí sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tí mi ò rí irú rẹ̀ rí ni. Wọn ò ní káàdì ẹgbẹ́, wọn ò bi ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀rí, ẹni tó bá ní íméèlì ti lè dá sí i. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà kan tó gbóná. Alàájì dúró lẹ́yìn mi, ó ń kà á láti èjìká mi.

"Haba! O ò kí wọn!"

"Alàájì, àwọn Òyìnbó kì í kí ara wọn nínú irú lẹ́tà yìí. Orí ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń já sí."

"Ìwọ wá di Òyìnbó? Èèyàn tí o ò rí rí, o kàn já lu ọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n á ní ta ló tọ́ ọ. Wọ́n á ní èmi ni."

Kò kúrò lẹ́yìn mi títí mo fi kọ ọ́. Mo kí wọn, mo kí àwọn ará ilé wọn, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo kí wọn kú òtútù. Gbogbo ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì o, lójú gbogbo ayé, lókè lẹ́tà tó dá lórí rúútà! Ojú tì mí débi pé mo dijú kí n tó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìkíni ni mo wá béèrè ìbéèrè mi: bí ilé-iṣẹ́ kékeré kan bá ní ẹ̀rọ tí kò gbọ́ èdè tuntun yìí, tó sì ti ń so àwọn oníbàárà pọ̀ ní ọ̀nà tó rọrùn láìséwu, kí ni ẹ ní kó ṣe?

Ẹni àkọ́kọ́ tó fèsì ní kó ra ẹ̀rọ tuntun. Ó sọ ọ́ bí ẹni ní kí n lọ ra iyọ̀. Orí mi gbóná, mo fẹ́ fèsì, Alàájì ní kí n kọ́kọ́ kí i. Ẹni kejì sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tí kò kan ìbéèrè mi. Ṣùgbọ́n ẹni kẹta, ọkùnrin kan láti ìlú tó tutù gan-an, kọ̀wé sí èmi nìkan. Ó ní yìnyín ti bo fèrèsé òun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ó wá fẹ́ mọ bí àwọn ará Kaduna ṣe mọ̀ tí wọ́n fi kí òun kú òtútù. Alàájì yọ̀ bí ọmọdé. "Ṣé o rí i? Ṣé o rí i?" Ó ń fi ìka gún mi léjìká. Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin oníyìnyín yìí ń ka gbogbo lẹ́tà mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, èyí tí mi ò lè sọ nípa àwọn yòókù.

Wọ́n wá dá ìpàdé kan níbi tí wọ́n á ti pinnu ọ̀rọ̀ náà, ní ìlú Òyìnbó kan tí aago wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí tiwa. Owó ọkọ̀ òfúrufú ò sí, ẹ má jẹ́ ká bá a débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè lọ lè máa gbọ́ ohùn ìpàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bíi rédíò. Bó bá ní ọ̀rọ̀, á tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ńpútà rẹ̀, ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn á sì kà á sókè fún un. Ọkùnrin oníyìnyín ní òun lòun máa ka tèmi.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, mo tan ẹ̀rọ, ohùn náà ń já wẹ́wẹ́. Wáyà wa ò tó gbogbo wa lò. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo gé káfẹ́ ìsàlẹ̀ kúrò. Ohùn náà mọ́ gaara. Láìpẹ́, àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbì gbì gbì. Àwọn ọmọ iléèwé ló ṣáájú, ìyá kan tó ń wá èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, bábà kan tó ń gẹrun ní òdìkejì ọ̀nà, tó ń bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló wá gbẹ̀yìn, òun sì ni ara rẹ̀ gbóná jù.

"Kai, Ẹnjiníà! Ibi tó dùn jù lẹ ti gé e! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ ni fún mi ni o!"

"Ẹ jókòó," Alàájì dá wọn lóhùn bí ọba. "Ìpàdé là ń ṣe. Ẹnjiníà wa ń bá gbogbo ayé jà."

Wọ́n jókòó. Ta ni kò ní jókòó? Ẹni tí kò rí àga jókòó sórí bátìrì jẹnẹrétọ̀.

Alága ìpàdé sọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, ó wá ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn gbọ̀ngàn. Ibí yìí ni mo ti ní láti dá Alàájì dúró kí n ṣàlàyé. Àwọn èèyàn yìí kì í dìbò. Torí pé kò sẹ́ni tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n á ka ìbò rẹ̀. Wọn kì í nawọ́ sókè náà. Ńṣe ni wọ́n máa ń kùn. Ẹni tó bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ á pa ẹnu dé, á fi imú dún bí oyin, alága á wá fi etí wọ̀n ibi tó pọ̀ sí.

"Kùn?" Alàájì yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Àwọn àgbàlagbà? Àwọn tó ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wallahi, mo fẹ́ràn wọn."

Kò tíì pa ẹnu dé nígbà tí ohùn alága dún nínú ẹ̀rọ: ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀nà tó rọrùn dúró nínú ìwé, kó kùn. Alàájì gbé ọwọ́ sókè: "Ẹ kùn!" Ẹ̀yin èèyàn mi, a kùn! Ohùn bábà yẹn jìn bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìyá olùwá-èsì gbé e bí ẹni ń kọ orin ìsìn. Àwọn ọmọ iléèwé ń kùn, wọ́n ń fi ẹ̀rín kún un. Kò sẹ́ni tó lè gbọ́ wa níbẹ̀, ohùn tiwọn ló ń wá, tiwa ò lọ, mo sì mọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Èmi náà ń kùn, mo sì ń yára tẹ̀ ẹ́: "A ń kùn ní Kaduna! Yàrá kún!"

Ohun tí mi ò rò ni pé ohùn tó ń dé etí wa ti ṣá. Ó ń pẹ́ lójú ọ̀nà kó tó dé Kaduna. Ọ̀rọ̀ tí mo bá tẹ̀, wéré ló ń débẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwa ń gbọ́ ìbéèrè àkọ́kọ́, àwọn ti kùn tán sí i, alága sì ti béèrè èkejì: ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yọ ọ̀nà tó rọrùn kúrò, kó kùn. Àárín kíkùn kejì yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi lọ bọ́ sí. A jókòó, a ń rẹ́rìn-ín músẹ́, títí a fi wá gbọ́ ìbéèrè kejì, a gbọ́ tí wọ́n ń kùn, a sì gbọ́ ohùn ọkùnrin oníyìnyín tó ké sókè: "Kaduna náà ń kùn! Wọ́n ní yàrá àwọn kún!"

Bábà pàtẹ́wọ́. "To! Wọ́n ti gbọ́ wa!"

"Wọ́n gbọ́ wa sódì!" Mo fò dìde, àga ṣubú. "Wọ́n ti fi wá sẹ́yìn àwọn tó fẹ́ pa wá!"

Alága ní kíkùn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ti Kaduna, ó jọ pé ti ìyọkúrò ló pọ̀ díẹ̀. Mo rí Èkó, mo rí yàrá tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, mo rí màámi tó ń dá jẹun. Mo tẹ̀ ẹ́ wéré: "Rárá! Ẹ dákun! Ohùn yín ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìbéèrè àkọ́kọ́ la kùn sí! Ọ̀nà tó rọrùn là ń fẹ́! Ẹ jọ̀ọ́!" Mo fi ránṣẹ́. A wá ń dúró kí ohùn tó ti ṣá yẹn dé. Alàájì fa tẹ̀súbáà yọ. Ìyá olùwá-èsì di ọwọ́ mi mú láìmọ ohun tí a ń dúró dè.

Ẹ̀rín la kọ́kọ́ gbọ́, gbogbo gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin oníyìnyín ní òun fẹ́ sọ tòun. Ó ní òun ti ka gbogbo lẹ́tà tó wá láti Kaduna, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú wọn, òun ò sì tíì rí ẹni tó dáhùn rẹ̀. Ó ní kí èèyàn lọ ra ẹ̀rọ tuntun kì í ṣe ìdáhùn.

Alága ní kíkùn kì í ṣe kíkà. Ó ní bí ẹnì kan ṣoṣo bá gbé ohun tó nítumọ̀ kalẹ̀, tí kò sẹ́ni tó fèsì sí i, a ò tíì fẹnu kò. Ta ló ní èsì fún Kaduna?

Kò sí ohùn kankan.

"Ṣé nẹ́tíwọ̀kì ló gé?" Alàájì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Kò gé. Ńṣe ni wọ́n dákẹ́. Gbogbo àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, wọ́n dákẹ́ lórí ìbéèrè mi. Alága ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tó rọrùn máa dúró nínú ìwé, ká lọ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pariwo. Alàájì ń jó pẹ̀lú gíláàsì lọ́wọ́, àwọn ọmọ iléèwé ń fo sókè lórí ohun tí wọn ò mọ̀, bábà gbá mi mọ́ra, ó wá rántí. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan káfẹ́. Ó ṣì lè wà níbẹ̀." Mo tàn án fún un.

Ìwé náà jáde nígbẹ̀yìn. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, tiwa ló ṣáájú. Ẹnjiníà Èkó mú rúútà rẹ̀ wá, ó fi kojú tòkunbọ̀ wa, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì jìnnà ní ìrọ̀lẹ́ tí mò ń sọ yìí. Ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo gun achaba sọdá odò, mo ní kí ọlọ́kadà máa sáré, mo ń dá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi béèrè bóyá ara mi yá.

Màámi wà ní ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Màámi! Mi ò lọ Èkó mọ́!"

Kò gbójú sókè. "Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kó fún ẹlòmíì ní yàrá yẹn."

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá! Màámi, òní ni wọ́n ṣe ìpàdé o. Bí wọ́n bá ti yọ ọ̀nà wa kúrò ńkọ́? Bí iṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ mi?"

"Wàá máa jókòó síbí. A ó jọ máa jẹ ohun tó bá wà." Ó ju òkúta kan síta láti inú ẹ̀wà. "Mo ń sọ fún ẹ pé kí o lọ, kí o má baà ní èmi ni mo dá ẹ dúró. Mo gbìyànjú ẹ̀, àbí n ò gbìyànjú? Oṣù mélòó ni mo fi sọ ọ́. Nígbà tí mo wá fẹ́ ra báàgì tí o máa gbé lọ, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi dé ọjà. Ẹnikẹ́ni ò lè dá ilé yìí gbé. Èmi ò lè dá a gbé."

Gbogbo lẹ́tà tí mo kọ, gbogbo ìkíni, gbogbo kíkùn yẹn, obìnrin yìí ti parí ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́. Ó fi igbá ẹ̀wà sí àárín wa. Ó ní bí mo bá máa sunkún, kí n máa fi ọwọ́ ṣa ẹ̀wà lọ, torí iná ti ràn.